Bí Ẹ̀yin-Ni Ṣe Polówó Àga Ara Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin kan ṣe tóbi tó lójú ara rẹ̀, kí ó má wo ọkùnrin náà rárá. Àga rẹ̀ ni kí ó wò. Àga Olùdarí Ilé Ìkọ́ṣẹ́ Ọwọ́ ga débi pé bí ó bá ti gòkè jókòó sórí rẹ̀ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀ mọ́. Káfíńtà ilé ìkọ́ṣẹ́ ló kàn án fún un, òun náà ló sì kan àpótí kékeré kan tí ọ̀gá máa ń gbé ẹsẹ̀ lé lábẹ́ tábìlì, níbi tí ojú àlejò kò tó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àpótí yìí wà láàárín wa.

Ìjọba ló kọ́ ilé náà kí àwọn tí ìwé wọn kò gùn lè wá fọwọ́ kọ́ nǹkan: kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé, bí a ṣe ń jó irin, bí a ṣe ń fa omi wọ ilé, bí a ṣe ń rán aṣọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jù níbẹ̀ ni kíkí ọ̀gá. Láràárọ̀, mọ́tò rẹ̀ kò ní tíì dúró tán tí akọ̀wé rẹ̀ yóò ti sáré jáde, yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì gbóhùn sókè.

"Ta ló ni ilé yìí?"

Gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti tò sẹ́nu ọ̀nà yóò dáhùn pé, "Ẹ̀yin ni."

"Ta ló tún ọ̀nà wa ṣe?"

"Ẹ̀yin ni."

"Òjò tó rọ̀ lánàá, ta ló ní kó rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Nígbà náà ni Olùdarí yóò gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú mọ́tò, yóò rò ó wò díẹ̀, kí ó tó gbé èkejì. Nítorí ìkíni yìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹ̀yin-Ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbọ́ orúkọ náà rí. Ó rò pé oyè ni.

Nǹkan kan péré ni ilé ìkọ́ṣẹ́ náà kò ní: akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ti àtijọ́ ti kọ́ṣẹ́ tán, wọ́n ti lọ, àwọn tuntun kò sì wá. Bàbá Táìsì, olùkọ́ àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀, a máa tẹ́ táìsì sí yàrá rẹ̀ láàárọ̀, a sì hú u ní ọ̀sán, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbàgbé. Màdáámù Aránṣọ ti rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ère onígi tó wà níwájú kíláàsì rẹ̀ títí ère náà fi ní aṣọ ju ọkọ Màdáámù lọ.

Ìròyìn yìí dé etí Kọmíṣánnà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó pe Olùdarí lórí fóònù. Olùdarí dìde dúró lórí àpótí rẹ̀ láti gbà á.

"Olùdarí, mo gbọ́ pé olùkọ́ yín pọ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ."

"Ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ wa jinlẹ̀ ni, mà."

"Mo ti fi owó ránṣẹ́ fún ìpolówó orí fóònù. Kò pọ̀ o. Ẹ fi ọgbọ́n ná an. Lọ́jọ́ ìwọlé, mo ń bọ̀ wá wo gbọ̀ngàn yín fúnra mi. Tí mi ò bá bá ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, màá gbé ilé yẹn fún àwọn tó ń tọ́jú katakata oko ìjọba. Wọn ò ríbi gbé e sí."

"Èmi wá ńkọ́, mà?"

"Katakata ò nílò olùdarí. Awakọ̀ ló nílò."

Ó gé fóònù. Olùdarí jókòó. Ó wo àga rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó sì rí katakata lójú ọkàn rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bá àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú pálọ̀ rẹ̀. Bàtà ni obìnrin yìí ń tà lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn. Nínú gbogbo ayé, òun nìkan ni kò tíì sọ "Ẹ̀yin ni" fún Olùdarí rí, nítorí ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu, ó sì mọ ìgbà tí ọ̀gá ń tọ̀ sílé. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ owó ìpolówó, ó yí padà lórí àga tó na ara lé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, owó kékeré kì í ṣe owó ariwo, owó ìdánwò ni. Ẹ wá àwòrán méjì. Ẹ fi owó táṣẹ́rẹ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kó jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo lẹ yí padà, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó bá jẹ́ káwọn èèyàn máa pè yín, tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà, òun ni kẹ́ ẹ gbé owó tó kù lé lórí. Ẹ pa èkejì."

"O fẹ́ kí ìjọba máa kiri ọjà."

"Ẹni tó ń se ọbẹ̀ ṣáà ń tọ́ ọ wò kó tó bu iyọ̀ kún un. Ó tún ku kan. Ẹ má jẹ́ kí ará ilé yín máa tẹ ìpolówó yín lórí fóònù o. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti rí bàtà mi lórí fóònù wọn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n láwọn ń kí mi. Ẹ̀rọ tó ń pín ìpolówó rò pé wọ́n fẹ́ rà á ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú wọn kiri, ló ń gbé bàtà onígìgísẹ̀ gíga mi lọ bá àwọn màmá tí orúnkún ń dùn. Gbogbo ìgbà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ló ń jẹ mí lówó. Owó mi tán, mi ò ta ẹsẹ̀ kan. Ìgbà tó yá, mo kúkú lọ ra bàtà pẹlẹbẹ wá fáwọn màmá yẹn. Òun ni mò ń jẹ títí dòní."

Ìyàwó Olùdarí, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, rẹ́rìn-ín. Olùdarí kò rẹ́rìn-ín.

"Bàtà yàtọ̀ sí ìjọba," ó ní.

"Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Bàtà máa ń kanlẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Olùdarí pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn. Ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, ó pè é ní Ìgbìmọ̀ Gíga Lórí Ìdánwò Ìpolówó, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe alága rẹ̀, igbákejì rẹ̀, àti akápò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọgbọ́n àgbáyé sọ pé kí a dán nǹkan wò. A ó dán an wò. Ó sọ pé nǹkan kan ṣoṣo ni kí a yí padà. Mo ronú jinlẹ̀, mo sì ti rí nǹkan náà. Nínú àwòrán kìíní, èmi yóò jókòó sórí àga mi, n ó kọjú sí ọ̀tún." Ó dúró kí ó lè wọ̀ wọ́n lára. "Nínú èkejì, èmi yóò kọjú sí òsì."

Àtẹ́wọ́ sọ. Akọ̀wé nu omijé. "Ọgbọ́n yìí," ó ní, "ṣé wọ́n bí i mọ́ ọ̀gá ni, àbí ọjà kan wà tí wọ́n ti ń tà á?"

Màdáámù Aránṣọ na ọwọ́ sókè. Ó ti rí àpẹẹrẹ ìpolówó náà lórí bébà. "Sà, mi ò rí orúkọ iṣẹ́ tá à ń kọ́ àwọn èèyàn nísàlẹ̀ àwòrán yín."

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń bo ẹsẹ̀ àga mi. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́."

"Báwo ni wọ́n á ṣe wá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wá kọ́?"

"Ẹni tó bá rí ojú mi yóò fẹ́ wá. Ẹni tó bá ti wá yóò béèrè."

Ohun tó kù sójú ìpolówó náà nìyí: Olùdarí lórí àga gíga. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà: OLÙDARÍ. Lábẹ́ ìyẹn: ọ́fíìsì ńlá, mọ́tò àti awakọ̀, ọ̀wọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, nítorí ó gbà pé ó yẹ kí ayé mọ irú ilé tí wọ́n ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ọjọ́ ìwọlé, àti gbólóhùn kan tí akọ̀wé fi kún un: "Àyè kò pọ̀. Ẹ wá fi orúkọ sílẹ̀ kíákíá."

Bàbá Táìsì rọra dìde. "Sà, mo ní fídíò kékeré kan. Ilẹ̀ ilé ìdáná kan ni, tó ti fọ́ yángá. Ẹ máa rí bí ọwọ́ ṣe ń tún un tẹ́ títí tó fi ń dán. Ó wà nínú ẹ̀ pé a máa ń kọ́ èèyàn."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ tèmi, sà."

"Ṣé ó lóyè?"

"Èékánná ló ní, sà."

Ẹ̀rín fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú Olùdarí, ó padà sínú. Olùdarí gbà pé kí wọ́n fi ṣẹ́ńjì tó ṣẹ́ kù gbé fídíò náà jáde, kí àwòrán òun lè rí ẹni tí yóò nà.

Báyìí ni ìpolówó mẹ́ta jáde: Ojú-Ọ̀tún, Ojú-Òsì, àti Ọwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jáde, ẹnikẹ́ni kò tẹ Ojú. Olùdarí ń wo fóònù, ojú rẹ̀ sì ń ṣú bí ìgbà tí òjò bá gbá jọ. Akọ̀wé mọ òjò yẹn. Ó fi fóònù tirẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ Ojú-Ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan.

"Sà, ẹnìkan ti tẹ̀ yín."

Oòrùn là. Akọ̀wé sì sáré lọ sọ fún àwọn yòókù ohun tó ń mú oòrùn là. Láti ọjọ́ náà, ìkíni òwúrọ̀ yí padà.

"Ta lẹ tẹ̀ lónìí?"

"Ẹ̀yin ni."

Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lásìkò oúnjẹ. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹrù ń tẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ̀, ó tún ń gba fóònù ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Géètìmáànù, tí fóònù rẹ̀ kò lè ṣe ju kí ó pè kí ó sì dáhùn lọ, ń tẹ nọ́ńbà orí rẹ̀ lásán kí wọ́n má baà rí i pé ọwọ́ òun ń sinmi. Ní ti Ọwọ́, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ọ́fíìsì ń dún. Ẹnìkan béèrè bóyá obìnrin lè kọ́ ọ. Ẹlòmíràn ní òun ń ru búlọ́ọ̀kù láàárọ̀, ṣé òun lè máa wá lẹ́yìn iṣẹ́. Akọ̀wé bá wọn wí. Ó ní ọ̀rọ̀ Olùdarí nìkan ni fóònù náà wà fún.

Nígbà tí ó yá, ìgbìmọ̀ jókòó. Alága béèrè lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀, igbákejì sì fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n wà nínú kóòtù kan náà.

"Èwo ni wọ́n tẹ̀ jù?"

"Ojú ni, sà," akọ̀wé ní. "Ojú-Ọ̀tún ló síwájú."

Ìdí tí Ojú-Ọ̀tún fi síwájú ni pé òun ló wà lókè, àtàǹpàkò àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń ro wọ́n.

"Ẹ gbé gbogbo owó tó kù sórí Ojú-Ọ̀tún. Ẹ pa Ọwọ́."

Bàbá Táìsì wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn sápò.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń pín ìpolówó kò mọ ẹ̀tàn, kò sì mọ ọ̀gá. Ó kàn wò ó pé ta ló ń tẹ nǹkan yìí. Ó rí i pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ni àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba, tí wọ́n ń fi fóònù ka ìròyìn ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ó yé òun. Ó jáde lọ wá irú wọn, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ó sì gbé Olùdarí síwájú wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, gẹ́gẹ́ bí oògùn tí dókítà kọ.

Olùdarí náà ń rí ara rẹ̀. Bí ó bá ṣí ìròyìn, òun nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ wo ìjàkadì, òun ló ń kọ́kọ́ yọ. Ó gbà pé gbogbo ayé ló ń rí bẹ́ẹ̀.

"Dádì," ìyàwó rẹ̀ ní, "mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ran kọ́tìnnì, ẹ yọ sí mi. Mo fẹ́ wo bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ẹ tún yọ. Ẹ ṣáà wà níhìn-ín nínú ilé. Ṣé mi ò lè sinmi lọ́wọ́ yín nínú fóònù ni?"

Àbúrò rẹ̀ pè é. "Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ò tíì rí yín o. Àwọn oníbàárà mi náà ò rí yín. Ọmọ tó ń bá mi kó bàtà, tó ń wá iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́, kò rí yín. Ta ló wá ń rí yín?"

"Àwọn ènìyàn pàtàkì."

"Ah. Ṣé àwọn ará ilé yín ò máa tẹ̀ yín ṣá?"

Olùdarí ní ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ ìwọlé pé. Olùdarí pàṣẹ fún géètìmáànù pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé, nítorí ayàwòrán ń bọ̀, òun kò fẹ́ kí sìmẹ́ńtì wọ inú àwòrán. Lẹ́yìn náà ó lọ yọjú lójú wíńdò gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn kún. Kò sí àyè lórí bẹ́ńṣì. Ènìyàn wà lójú ọ̀nà, ènìyàn fara ti ògiri. Gbogbo wọn wọ kóòtù. Gbogbo wọn dè táì. Gbogbo wọn há fáìlì mọ́ abíyá.

"Ẹ wò wọ́n," ó sọ fún akọ̀wé. "Àní akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n jọ mí."

Kọmíṣánnà wọlé, ó jókòó. Olùdarí sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ yin ara òun, ó sì pẹ́ gan-an lórí bí òun kò ṣe fẹ́ ẹ. Ó ní ẹni tó bá sọ pé owó kékeré kò lè ṣe nǹkan ńlá, kí ó wá wo ojú òun. Àwọn ará gbọ̀ngàn ń wò ó bí ẹni ń wo ilé tí ó fẹ́ rà: wọ́n wo kóòtù rẹ̀, wọ́n wo àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan fi ọwọ́ wọn gíga àga náà láti òkèèrè.

Nígbà tí ó dákẹ́, Kọmíṣánnà dìde.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ́ táìsì nínú yín?"

Kò sí.

"Irin jíjó ńkọ́?"

Ẹnìkan wúkọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ lásán ni.

"Aṣọ rírán?"

Ọkùnrin kan níwájú dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Mà, ó jọ pé ẹ ṣì wá mú. A ò wá kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ la wá gbà."

"Iṣẹ́ wo?"

Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Iṣẹ́ Olùdarí. Àga ibẹ̀ rèé. Orúkọ ipò náà rèé. Ọ́fíìsì, mọ́tò, awakọ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ. Wọ́n ní àyè ò pọ̀, ká wá kíákíá. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ṣí fóònù ló ń yọ sí mi. Mo ní bí ìjọba bá bẹ èèyàn tó báyìí, àìmoore ni kéèyàn kọ̀."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé," ẹlòmíràn ní lẹ́yìn.

"Ìyẹn kọ́. Igbákejì olùdarí ni mí níbi tí mo wà. Èmi ló kàn."

Bàbá kan tí ó wọ jígí tó nípọn ń wo fóònù rẹ̀, ó ń wo orí pèpéle. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni inú àwòrán yìí, ṣé ó kú ni àbí wọ́n lé e?"

"Èmi rèé," Olùdarí ní. Ohùn rẹ̀ kò ga mọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ìgbà wo lẹ fẹ́ palẹ̀ ẹrù yín mọ́?"

Kọmíṣánnà gba fóònù ọkùnrin kan, ó ka ìpolówó náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ìbéèrè ni. Ohùn ọ̀gá ló sì fi bi wọ́n. Kí ọpọlọ tó ronú, ẹnu tí wọ́n ti kọ́ láràárọ̀ ti ṣí. Gbogbo wọn kọjú sí Olùdarí.

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ní kí wọ́n yọ orúkọ iṣẹ́ kúrò níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Akọ̀wé tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ sí i kí ó tó rántí.

"Bí mo ṣe ń wọlé," Kọmíṣánnà ní, "mo bá àwọn kan lẹ́nu géètì. Obìnrin kan tó pọnmọ, ọkùnrin kan tí sìmẹ́ńtì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, àtàwọn mìíì. Wọ́n ní fídíò ọwọ́ kan làwọn rí kó tó pòórá. Wọ́n ní torí aṣọ àwọn ni wọn ò ṣe jẹ́ káwọn wọlé. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀."

Wọ́n wọlé, wọ́n ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wọ ilé onílé. Àwọn onítáì dìde fún wọn. Bẹ́ńṣì iwájú kún, wọ́n sì ya díẹ̀ sí èyí tó tẹ̀lé e. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Táìsì yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò.

Kọmíṣánnà wò wọ́n títí. "Kò pọ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n èèyàn ni wọ́n. Katakata á ṣì dúró síta fún sáà kan." Ó wo Olùdarí. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣípò."

Màdáámù Aránṣọ ni wọ́n ní kó máa bójú tó ilé náà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ àga yẹn sílẹ̀. Èkejì, ó dá Ọwọ́ padà sórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì akọ̀wé ti wà lẹ́nu géètì láti àfẹ̀mọ́jú, ó ń pàtẹ́wọ́: "Ta ló gé àga wa?" Màdáámù fún un ní ìgbálẹ̀.

Ní ti Ẹ̀yin-Ni, wọ́n fi ṣe olórí ilé ẹrù kan tí ìjọba ń kó àga tó ti kán sí. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Àpótí ló ń jókòó lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà tutù, ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ mọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ṣí fóònù. Ojú-Ọ̀tún yọ sí i: nínú gbogbo ìrúkèrúdò, akọ̀wé gbàgbé láti pa á. Ó wo ọkùnrin orí àga náà. Kò sí ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìyókù owó náà parí sí. Àwòrán náà lọ.

Bàtà ló yọ rọ́pò rẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ, tó rọ̀, fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ bàtà náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, kò rà á, kò béèrè iye rẹ̀.

Fóònù dún. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ níbi tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, láti àárọ̀ lẹnìkan ti ń tẹ bàtà mi, ó ń jẹ mí lówó, kò sì rà á. Mo ti bi màmá ọkọ mi, wọ́n láwọn kọ́. Ta ni?"

Kò sí akọ̀wé níbẹ̀ tí yóò pàtẹ́wọ́, kò sí ẹni tó tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àga tó ti kán ń wò ó.

Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbé kalẹ̀ dáadáa.

"Èmi ni," ó ní.